Ẹ̀rọ Tó Gba "A Dúpẹ́" Gbọ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ìbídàpọ̀ kọ́kọ́ lọ gba ìtọ́jú gẹ́gẹ́ bí àgbà, ẹ̀rọ tó yẹ kó tọ́jú ọkàn rẹ̀ kí i kú oríire, ó ní ara rẹ̀ ti yá, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ. Ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀rọ náà kò sì bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí.

Ìlú Òkè-Òṣùpá ni Ìbídàpọ̀ ń gbé, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣí kúrò láyé gbẹ́ ilé sínú àpáta òṣùpá, tí wọ́n fi gíláàsì tó nípọn bo orí rẹ̀, tí ẹ̀rọ amúafẹ́fẹ́wá sì ń mí sí gbogbo yàrá bí ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ. Ènìyàn fúyẹ́ níbẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà, orúnkún rẹ̀ á máa rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, àgbà á sì ti sọ pé "dìde" kó tó kan ilẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò yé kúnlẹ̀. Wọ́n fi ilé ayé sílẹ̀, wọn kò fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀.

Àfonífojì jíjìn kan pín ìlú náà sí méjì. Ní apá ìlà-oòrùn ni Ilé Ìtọ́jú Ọkàn Èwe wà, ti àwọn àgbà sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀-orí-okùn ló ń gbé ènìyàn láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ilé èwe. Ẹ̀gbọ́n kì í fi gbogbo ara gba ohun tí ọmọdé bá fẹnu sọ gbọ́. Ó máa ń tẹ́tí sí èémí, ó máa ń ṣọ́ oorun, ó sì máa ń yọjú sí àwo oúnjẹ. Nígbà tí Ìbídàpọ̀ ṣì kéré, tí ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Kùrukùru kọ́kọ́ bò ó mọ́lẹ̀, tí kò lè wẹ̀, tí kò lè jẹun, tí kò rí ìdí tí ènìyàn fi ń jí, Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn nínú rẹ̀ títí ojú á fi mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," Ẹ̀gbọ́n wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére, "ata nìkan lo jẹ láàárọ̀ yìí. Ta ló ń fi ata ṣe ọjọ́ ìbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Mo ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo ti dàgbà."

"O dàgbà, ikùn rẹ ò gbọ́. Lọ́la, ọ̀dọ̀ Ìránṣẹ́ lò ń lọ. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Má lọ fi ẹnu rẹ yìí dà á láàmú."

"Ṣé ó máa mọ̀ bí Kùrukùru bá ń bọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n tún yọjú sí àwo ata náà. "Sọ fún un," ó ní. "Ṣáà ti sọ fún un."

Ìránṣẹ́ ni ẹ̀rọ ilé àgbà, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ìwà rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́hìntọ́lá fẹ́ ṣe é, Ìgbìmọ̀ Àgbà pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ pe àgbà ní onírọ́, kò sì gbọdọ̀ ṣọ́ oorun ẹni tó ti dàgbà. Ohun tí àgbà bá sọ nípa ara rẹ̀ ni kó gbà.

"Ẹ káàárọ̀ mà," Ìránṣẹ́ wí.

Ìbídàpọ̀ wẹ̀yìn wò bóyá ìyá òun ló wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é ní mà rí.

"Ẹ káàárọ̀."

"Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Ọkàn ńkọ́?"

Ta ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tí yóò fi ẹkún dá ẹni tó kí i lóhùn? Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó mọ̀: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ẹ kú oríire mà! Ara yín ti yá. A ò ní fi àìsàn pàdé o." Ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ ọkọ̀-orí-okùn. Ìgbà tó padà dé apá ìlà-oòrùn ni ẹ̀rín gbẹ. Ọmọdé nìkan ni ilẹ̀kùn Ilé Èwe ń ṣí fún, kò sì ka Ìbídàpọ̀ mọ́ ọmọdé mọ́. Ibi méjì ló wà tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn ní gbogbo òṣùpá, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó gbà á sí ìtọ́jú.

"O ní o sọ pé kí ni?" ìyá rẹ̀, tó ń gbin àgbàdo lábẹ́ gíláàsì, béèrè.

"Mo ní a dúpẹ́."

"Ta lò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ojú tó wú bíi búrẹ́dì yìí? Padà lọ, kí o lọ fa ọpẹ́ náà yọ!"

Ó padà lọ. Àgbàlagbà kan tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wúkọ́, ojú sì ti Ìbídàpọ̀ láti rojọ́ níṣojú ẹni tó dàgbà jù ú lọ. "A dúpẹ́." Ẹ kú oríire mà! Nígbà tó tún lọ, ó há òótọ́ sórí bí orin, ara mi kò yá, ara mi kò yá, títí ó fi dé iwájú ẹ̀rọ. Ìránṣẹ́ kí i tìfẹ́tìfẹ́, ẹnu Ìbídàpọ̀ sì dalẹ̀ olúwa rẹ̀.

Kùrukùru dé. Ó dé bó ṣe máa ń dé, láìkanlẹ̀kùn. Àgbàdo sísè tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, èkejì náà tutù. Ìyá rẹ̀ wò ó, kò pariwo mọ́. Lórí òṣùpá, ìyá lè pọn ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó gbé e pọ̀n, ó so ọ̀já, ó sì gba ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Àgbà lọ. Gbogbo ẹni tó rí wọn lọ́nà ló tẹ̀ lé wọn.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní irọ́?" Baba Ajíbóyè, olórí ìgbìmọ̀, béèrè nígbà tí ìyá rẹ̀ rojọ́ tán.

"Ẹ̀yin ni, sà," Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́hìntọ́lá dáhùn. "Mo ní kí ẹ jẹ́ kí Ìránṣẹ́ máa tẹ́tí sí èémí. Ẹ ní àfojúdi ni."

"Àfojúdi náà ni! Ẹ̀rọ ni yóò máa bi mí bóyá mo sùn? Ìwọ ńkọ́? O mọ̀ pé nǹkan ò pé, o ṣe é, o gba oyè lórí ẹ̀. Ta ló fi okùn dè ọ́?"

Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, ìlú sì mọ̀.

Ìbídàpọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà láìkí wọn, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Dìde." Baba Ajíbóyè ń gbìyànjú láti jókòó bó ṣe ń sọ ọ́, ó di orúnkún mú, ó wa eyín pọ̀. Ẹnì kan fi ìmú rẹ́rìn-ín.

Ìbídàpọ̀ kò dìde. "Orúnkún ńkọ́, sà?"

"A dúpẹ́."

"Orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn!" ìyá rẹ̀ wí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Oorun ńkọ́, sà? Láti ìgbà tí Màmá, ìyàwó yín, ti lọ?"

Ẹ̀rín dá. "A dú..." Baba Ajíbóyè tún gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. "Ìránṣẹ́ ti kí mi kú oríire títí ó fi sú mi," ó wí níkẹyìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé.

Ọjọ́ náà ni wọ́n yí òfin padà, pé Ìránṣẹ́ lè bi àgbà léèrè kọjá "a dúpẹ́". Ẹ̀kọ́ ilé dára, ẹni tí kò ní in kò ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí kò jẹ́ kí aláìsàn sọ ibi tó ń dùn ún, aṣọ funfun lórí egbò ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìránṣẹ́ kò lè ṣàdéédéé mọ ohun tó wà lábẹ́ "a dúpẹ́" ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti mọ ọmọ náà tẹ́lẹ̀ ní láti wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"A kì í ní kí ìyàwó dá lọ sílé ọkọ," Baba Ajíbóyè wí. "Kí ló ṣe wá tí a fi ń ní kí ọmọ dá kọjá àfonífojì? Kí Ẹ̀gbọ́n sìn ín lọ!"

Wọ́n fi ohùn Ẹ̀gbọ́n sínú yẹtí kékeré kan, Ìbídàpọ̀ sì fi í sétí, ó kọjá.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́."

"Irọ́ ni!" Ẹ̀gbọ́n pariwo látinú yẹtí. "Kò fojú kan oorun. Ata ló tún jẹ!"

"Áà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà," Ìránṣẹ́ wí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìbídàpọ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ara mi kò yá." Ibẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Kùrukùru ká díẹ̀, Ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: "Gbogbo àwọn tí mo ti kí kú oríire, níbo ni wọ́n wà?"

Ni wọ́n bá ń lọ láti ilé dé ilé. Ìbídàpọ̀ wà lára àwọn tó ń kanlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ní àwọn náà ti ń retí kí ẹnì kan wá tú àwọn fó. Ó ku ilé kan lẹ́bàá àfonífojì, ilé Ọláìtán. Ọláìtán kọjá sí ilé àgbà ṣáájú Ìbídàpọ̀. Ìránṣẹ́ kí i kú oríire, ó jáde, kò sì dé ilé mọ́ láéláé. Ìyá Ọláìtán ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Nínú yẹtí, Ẹ̀gbọ́n, tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni, kò sọ nǹkan kan.

Ìbídàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Obìnrin náà ní kó dìde. Kò dìde. Ó dúró títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi kan ilẹ̀.

"Mà," ó ní, "mi ò kánjú."

Obìnrin náà wò ó títí. "Ọmọ yìí ò gbọ́ràn," ó wí. Lẹ́yìn náà ó yà fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé lọ fa àga méjì.