Àmì Pupa Lára Irin

Kí Ẹlẹ́sọ̀ tó ṣílẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ náà tán ni òórùn ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn kíkan ni, irú èyí tí í gún ni nímú bí abẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ bo imú, ó sì wo orí tábìlì. Àwọn ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí sítóòfù iná, wọ́n ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n èyí tó kángun sí fèrèsé kò ní ìdérí lórí. Ìdérí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí òun fúnra rẹ̀ gbé e sí láàárọ̀ nígbà tó fẹ́ bu omi kún un. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é lórí fóònù pé àwọn ti ń dúró dè é. Ó sáré jáde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní pẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ti rọ̀ kó tó rántí ilé.

Ó fi ẹ̀mú gbé irin inú ìgò náà jáde, ó ṣàn án lómi, ó sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, tí wọ́n fi iná jó pọ̀ di ẹyọ kan. Gbogbo ara rẹ̀ ń dán bíi dígí, àfi ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Àmì pupa kan wà níbẹ̀ tí kò ju orí èèrà lọ. Àyà ọmọbìnrin náà já.

Kò lè ṣe kí àyà rẹ̀ má já, nítorí gbogbo ilé ló gbé ọkàn lé irin yìí. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń tọ́ ọ láti ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ sí òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá Kékeré fi ń yọ́ irin mọ́ irin, tí wọ́n ń wá èyí tí omi bátìrì kò ní lè jẹ. Omi bátìrì kì í ṣe omi àmumu. Ó ń jẹ aṣọ, ó ń jẹ símẹ́ńtì, ó sì ń jẹ irin títí irin á fi dógùn-ún, tí á sì lu. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá Kékeré tẹ irin tí wọ́n ń wá, wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń fún àwọn olùhùmọ̀ ní ìwé ẹ̀tọ́, kí ẹlòmíràn má bàa jí iṣẹ́ wọn ṣe.

Obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Olùyẹ̀wò ni ọ́fíìsì náà gbé ọ̀rọ̀ náà fún. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí bóyá ohun tí ènìyàn ní òun hùmọ̀ jẹ́ tuntun lóòótọ́, àti bóyá ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Olùyẹ̀wò tú ìwé àwọn tó ti hùmọ̀ irin ṣáájú, wọ́n sì rí i pé ẹnìkan nílẹ̀ ibòmíràn ti po irin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti Bàbá Kékeré. Nǹkan kan péré ló ya tiwọn sọ́tọ̀. Bàbá Kékeré ní irin òun kì í dógùn-ún, kódà lójú ibi tí wọ́n bá ti jó o pọ̀, níbi tí irin àwọn ẹlòmíràn ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Olùyẹ̀wò fèsì pé kò burú: kí wọ́n rì í sínú omi bátìrì gbígbóná fún odidi oṣù kan, òun yóò wá fi ojú ara òun rí i.

Bí oṣù náà ṣe ń lọ sópin ni ìrìn àjò pọn dandan fún Bàbá Kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, wọ́n sì fi ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún Ẹlẹ́sọ̀. Láti kékeré ni kì í ti í da omi, kì í fọ́ àwo, òun ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó máa bu omi kún un bó bá ti ń fà, kó má ṣí ìdérí sílẹ̀, àti pé ohunkóhun tó bá rí, ì báà kéré bí iyanrìn, kó pe àwọn.

Ó gbé fóònù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bàbá Kékeré ló pè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè, ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Gbajúmọ̀, ẹni tí wọ́n jọ jókòó sílé rẹ̀ látàárọ̀. Ó ṣàlàyé pé òun ti ba iṣẹ́ ọdún gbọọrọ jẹ́ nítorí ìdérí tí òun ṣí sílẹ̀. Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ohun tí kò tó èèrà ni wọ́n ń torí rẹ̀ sunkún, ṣé kò sí sáńpépà nílé ni?

 Ẹlẹ́sọ̀ lọ mú sáńpépà nínú àpótí iṣẹ́. Ó ha ojú irin náà díẹ̀díẹ̀ títí àmì náà fi lọ, àfi ihò kékeré kan tó ṣẹ́kù, bíi ojú abẹ́rẹ́. Ó dá irin náà padà sínú ìgò, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó sì dé e. Ó ní bó bá ti jẹ́ pé ìdérí ló fà á, tí ìdérí sì ti padà sí àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi wọ yàrá iṣẹ́. Wọ́n yẹ ìgò kọ̀ọ̀kan wò láti ìta, ẹ̀rín sì kún ẹnu wọn. Wọ́n bi í bóyá kò rí nǹkan kan. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbá a lórí pẹ́pẹ́, wọ́n ní ọmọ dáadáa.

Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá tán sí, bí kì í bá ṣe ti Ìyá Àgbà. Ìyá tó bí Bàbá Kékeré ni wọ́n, àyà wọn kò lágbára mọ́, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń bá wọn fẹ́ atẹ́gùn sínú. Bí iná ìjọba bá lọ, bátìrì ló ń gbé ẹ̀rọ náà dúró, bátìrì ọ̀hún sì ti gbó. Bàbá Kékeré ní kí ni òun ń dúró dè, nígbà tí irin òun ti yege? Wọ́n fi irin náà jó àpótí bátìrì tuntun pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n kó awẹ́ bátìrì mìíràn àti omi rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì tì í sábẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà.

Ẹlẹ́sọ̀ ló gbé iná tọ́ọ̀ṣì tàn sábẹ́ ibùsùn nígbà tí wọ́n ń so wáyà. Iná náà ń yà kúrò lójú wáyà, Bàbá Kékeré sì ní kó gbé e sójú kan. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó lọ wo ìgò ẹ̀bá fèrèsé, bí ó ti dé e pa tó, àmì pupa náà ti padà síbi tó wà, ó sì ti fẹ̀ díẹ̀. Ó tún ha á. Lójú oorun, ó ń gbọ́ ohun tó ń ro tó, tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ní ẹnu àwọn ń ta bí ẹni tó lá ìṣó. Wọ́n fi ṣe àwàdà, wọ́n ní bóyá eyín tuntun ló fẹ́ yọ fún àwọn lọ́jọ́ ogbó, kí wọ́n tètè lọ ra ẹran líle sílé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́sọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbálẹ̀ yàrá náà, ó rí i pé símẹ́ńtì abẹ́ ibùsùn ti funfun níbi kan, ó sì ń hó bí ọṣẹ. Ó fa etí kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó ní bí Olùyẹ̀wò bá ti wá tí wọ́n sì lọ, òun yóò sọ ọ́. Ó ku ọ̀la péré.

Ọjọ́ pé. Olùyẹ̀wò dé pẹ̀lú báàgì awọ kan, wọ́n jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọn kò mu omi, wọn kò fẹ́ àga. Wọ́n ní kí wọ́n kó irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, wọ́n tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun, wọ́n sì fi dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọjá lórí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀kẹrin, wọ́n dúró.

Wọ́n ní, “Ojú irin mẹ́ta yìí bára mu. Ẹnìkan ti ha ìkẹrin.”

Bàbá Kékeré ní bóyá òun ló ha á kí òun tó rì í. Olùyẹ̀wò ní ohun tí wọ́n bá ha kí ó tó wọ omi kì í rí báyìí, omi náà yóò ti pa ojú rẹ̀ dé. Wọ́n béèrè ẹni tó ṣọ́ ìgò. Bàbá Kékeré nawọ́ sí Ẹlẹ́sọ̀.

“Ọmọ mi, ṣé o rí nǹkan kan lójú jíjó irin yìí rí?”

Kí Ẹlẹ́sọ̀ tó lanu, Bàbá Kékeré ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ. “Ẹ má da ara yín láàmú, mà. Bí ọmọ yìí bá sọ fún mi pé ilẹ̀ ò tíì mọ́, mi ò ní ṣílẹ̀kùn.”

Olùyẹ̀wò kò yí ojú kúrò lára ọmọbìnrin náà. Ó wo ojú wọn, ó wo ojú Bàbá Kékeré tó kún fún ìgbàgbọ́, ó sì rí i pé bí òun bá sọ òótọ́, ojú náà yóò yí padà níṣojú àlejò.

Ó ní, “Rárá, mà.”

Kò tíì pa ẹnu dé dáadáa tí iná fi lọ. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ohùn ẹ̀rọ Ìyá Àgbà ló yẹ kó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ariwo kan bíi ti ẹran tó bọ́ sínú òróró gbígbóná, lẹ́yìn náà ni ikọ́, ikọ́ arúgbó tó ń wá èémí tí kò rí.

Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ dé yàrá. Èéfín ti bo ibùsùn. Àpótí irin náà ti la lójú jíjó, omi bátìrì ń dà jáde lé orí wáyà, wáyà sì ń ta iná pàrà. Wọn ò wá ìbọ̀wọ́. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ibùsùn, wọ́n sì wọ́ àpótí náà jáde kúrò lábẹ́ ìyá wọn. Olùyẹ̀wò àti Ẹlẹ́sọ̀ gbé Ìyá Àgbà jáde síta. Àwọn aládùúgbò gbé ọkọ̀ wá.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gbé Ìyá Àgbà wọ yàrá kan, wọ́n di ọwọ́ Bàbá Kékeré ní báńdéèjì títí dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹlẹ́sọ̀ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìdérí dé orí kápẹ́ẹ̀tì. Olùyẹ̀wò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń gbọ́. Ọmọbìnrin náà ń retí ìgbájú, kò rí i.

Bàbá Kékeré bi í pẹ̀lú ohùn tó rẹlẹ̀ pé, “Ìgò wo ni?”

“Èyí tó kángun sí fèrèsé, sà.”

Wọ́n di ojú.  Wọ́n ní irin inú ìgò yẹn ni àwọn fi ìkánjú jó, iná kò tó lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe fi ìkánjú jó àpótí Ìyá Àgbà. Wọ́n ní ìdérí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ì báà wà lórí, ì báà má wà. “Àmì yẹn ni irin náà fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ lo bò ó lẹ́nu.”

Olùyẹ̀wò kò lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ náà. Wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn, wọn kò fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n ní àyẹ̀wò tí èrú bá ti wọ̀ kì í ṣe àyẹ̀wò mọ́. Wọ́n tún sọ ohun kan tó dun Ẹlẹ́sọ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ká ní ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, Bàbá Kékeré ì bá ti mọ ìwọ̀n iná tó yẹ irin náà, àtúnṣe yẹn gan-an ì bá sì sọ ìhùmọ̀ wọn di tuntun. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹlòmíràn gbé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, òun ni wọ́n sì fún. Ẹni tó bá tètè dé odò ní í pọn omi tó tòrò.

Ìyá Àgbà kò kú, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò padà. Ẹni tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín láti orí ibùsùn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí, ènìyàn á tẹ etí mọ́ ẹnu wọn kó tó gbọ́. Gbajúmọ̀ ní òun ò bá wọn dá sí i. Ó ní ṣé òun ló fi ọwọ́ ara òun ha irin? Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó gbani nímọ̀ràn ibi kì í bá ni pín èrè rẹ̀.

Ọwọ́ Bàbá Kékeré jinná, àmọ́ àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún kò ká mọ́. Kí Ẹlẹ́sọ̀ tó lọ sílé ẹ̀kọ́ láràárọ̀, òun ló ń bá wọn de bọ́tìnì ẹ̀wù. Wọn kì í bá a sọ̀rọ̀ irin. Wọ́n á na ọrùn sókè, wọ́n á wo òkè, títí yóò fi de èyí tó kẹ́yìn.

Àṣìṣe kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Ìdérí tí Ẹlẹ́sọ̀ gbàgbé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó pani lára ni ohun tó rí tí kò sọ. Àṣìṣe tí a bá tètè sọ, ìbáwí díẹ̀ ni yóò fi tán. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀, ara ẹni ẹlẹ́ni ni yóò ti bú jáde.