Ọmọ Orí Fèrèsé

Káfíńtà gbé àga tó kẹ́yìn sínú kíláàsì, ó nu òógùn ojú. Méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n ní kó kàn. Ó pé.

Agogo lù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Àga kún. Wọ́n ṣì ń wọlé. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan gun ojú fèrèsé, ó gbé ìwé lé orúnkún.

Ọmọ àbúrò káfíńtà ni. Ilé rẹ̀ ló ń gbé.

"Kí lò ń ṣe lókè yẹn?"

"Ibí ni àyè mi, Bàbá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Káfíńtà kọjú sí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ìwé. Ìyá àgbà kan ni, gíláàsì rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú.

"Màmá, ta ló ka àwọn ọmọ yìí? Ó ṣì í kà."

"Fọ́ọ̀mù tí ẹ̀yin òbí kọ la fi ka iye wọn fún ìjọba. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló wà ní kíláàsì yẹn. Méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú ìwé. Iye yẹn ni ìjọba ń wò kí wọ́n tó fún wa ní àga àti olùkọ́. Òun náà ni wọ́n fi ń fúnni ní nọ́ńbà ìdánwò."

Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ọwọ́ ìkọ̀wé ta nìyí?"

Ọwọ́ káfíńtà ni. Ó kọ ọmọ méjì.

"Àwọn tí mo bí ni mo kọ."

"Ọmọ tó ń ti ilé yín wá ni wọ́n béèrè. Ọmọ àbúrò yín tó wà lórí fèrèsé ńkọ́, ta ló ń bọ́ ọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ ń bọ́ ọ, ẹ ò kọ orúkọ rẹ̀. Aago méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá kó fọ́ọ̀mù. Tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò ní ṣe ìdánwò lọ́dún yìí. Ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dà?"

Aago kan ààbọ̀ ti kọjá. Káfíńtà gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ó tú àpótí aṣọ, kò rí ìwé náà. Abẹ́ ayùn, nínú àpótí irinṣẹ́, ló wà.

Nígbà tó padà dé, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Akọ̀wé ti fi okùn di àwọn fọ́ọ̀mù. Ó tú u, ó fa fọ́ọ̀mù káfíńtà yọ.

Káfíńtà fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí.

"Ẹ gba bírò," ni akọ̀wé wí. "Pákó kọ́ nìyí."

Ó kọ orúkọ ọmọbìnrin náà sí i. Ọkọ̀ dúró níta, wọ́n kó fọ́ọ̀mù lọ.

"Tiyín bọ́ sí i," ni akọ̀wé wí. "Ó ku ọgbọ̀n ọmọ tí wọn ò kọ orúkọ wọn."

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń ti ilé yín lọ sílé ìwé, ìbáà ṣe ẹ̀yin lẹ bí i tàbí ẹlòmíì. Ẹ tọ́jú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ síbi tí ẹ ó ti tètè rí i. Ẹ má dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Ọgbọ̀n ọmọ ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì yẹn.