Ìgò Ọtí Nínú Ṣọ́ọ̀bù Àlhájà

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2024, Àlhájà Moyinolúwa kú. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọdún yí, onílé ní òun fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ òun ní ọjọ́ Jimọ́ọ̀.

"Àìṣát, o ti lọ wọn ibẹ̀?" Yaqub, ọkọ olóògbé, bi ọmọ rẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́rú.

"Mo máa lọ, Daddy."

"O sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. O sọ bẹ́ẹ̀ níjẹta."

"Daddy, ẹ̀ ń stress mi. Mo ní fọ́tò."

"Fọ́tò lo fẹ́ fi wọn ilẹ̀?"

Àìṣát fúnra rẹ̀ ló sọ pé ṣọ́ọ̀bù ìyá òun lòun yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́. Yóò fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ, tinú-tòde, kí ó má bàa pa rẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló tíì mú bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e wọlé. Òórùn ìyá rẹ̀ wà lára gbogbo aṣọ.

Bethany, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Sydenham, ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú. "Iwájú ṣọ́ọ̀bù tó o kọ́ ti rẹwà. Ta ló máa wo inú? Mú inú ṣọ́ọ̀bù mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó o fi sínú ẹ̀."

Àìṣát mọ̀ pé kò dára. Ó mú èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu, ó fi sínú rẹ̀, kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ Jimọ́ọ̀, Habeebullah, àbúrò bàbá rẹ̀, kó ẹrù kúrò, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, wọ́n pe àwọn òbí sí ilé ẹ̀kọ́ wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ. Yaqub tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ nìyẹn," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká gé e," ni Mísì Evelyn, olùkọ́ wọn, wí. Ó fa ìlà kan la àárín ṣọ́ọ̀bù náà kọjá. Kọ̀ǹpútà gé e bí ẹni gé búrẹ́dì, ìdajì rẹ̀ pòórá, inú sì hàn.

Yaqub yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Àìṣát. Ìgò ọtí? Nínú ṣọ́ọ̀bù Àlhájà?"

Olùkọ́ sún ìlà náà sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà tún gé e.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta! Ìyá ẹ tó jẹ́ pé mọ́sáláṣí ló ń sáré lọ tó bá fẹ́ ṣàlùwàlá!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Yaqub kò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò lè fún un ní máàkì fún iṣẹ́ oníṣẹ́," ni Mísì Evelyn wí. "Kí ó lọ wọn ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún un."

"Kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́," Yaqub dáhùn. "Wọ́n ti fọ́ inú rẹ̀ dànù ní ọjọ́ Àìkú."

Bẹ́ẹ̀ ni Àìṣát pa iṣẹ́ náà rẹ́. Ilé tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí ní ilé ẹ̀kọ́ ló fi rọ́pò rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n délé, Yaqub yíjú sí i. "Kí ló dé gan-an?"

"Òórùn Mummy wà níbẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló ṣe tí o ò sọ? Ta lo rò pé ó rán Habeebullah lọ kó ẹrù? Èmi náà ò lè wọlé. À bá jọ lọ, ọmọ yìí. À bá jọ lọ!"

Iṣẹ́ tó bá ń bani lẹ́rù, ẹlòmíràn là ń pè kún un. A kì í fi irọ́ dí àyè rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí wọn yóò là á wò.

Ohun tó kù láti inú ṣọ́ọ̀bù náà: ọ̀pá ìwọnṣọ onígi kan tí orí rẹ̀ ti jẹrà. Sísọ́ọ̀sì ńlá. Léèsì funfun tí kò pé ọ̀pá méjì. Tẹ̀súbáà tí okùn rẹ̀ já. Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì.