Òórùn Orí Ìrọ̀rí

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dúró síbẹ̀ o! Ta ló wà lẹ́yìn kọ́tìnì?"

Ọ̀mọ̀wé fi ìka sí ibi tó kà dé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ pé ibi tó dùn jù lòun dúró sí. Àbúrò rẹ̀ jókòó ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ mọ́ orúnkún, aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ayékòótọ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ọkọ ìyàwó ni," ni Ọ̀mọ̀wé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èyí tó kú sójú ogun. Kò sọ̀rọ̀ o. Òórùn òdòdó tó máa ń fi há àyà ẹ̀wù nìkan ni ìyàwó náà gbọ́. Bó ṣe yíjú báyìí, ilẹ̀kùn rọra ṣí..."

Ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí lóòótọ́. Ayékòótọ́ figbe ta. Ìyá wọn ló wọlé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ sí ìbàdí.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tó ń fẹ́ òkú! Ṣé ọkùnrin alààyè ti tán nílùú wọn ni?"

Ìwé ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ ni Ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn jù, òkú sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilé olókùúta tó ń wó lọ lórí òkè, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà nínú ìkùukùu, omidan tí aṣọ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, olólùfẹ́ tó ti wà ní sàréè tí kò sì jẹ́ kí ẹni tó fi sílẹ̀ sinmi. Láíbìrì ìlú ló ti ń yá wọn. Bó bá ti parí iṣẹ́ ilé-ìwé, á kà á sókè fún àbúrò rẹ̀, á máa yí ohùn padà: ohùn ìyàwó, ohùn òkú, ohùn ìránṣẹ́bìnrin tó mọ àṣírí gbogbo ilé.

"Màmá, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Bí mo bá kú lọ́la, èmi náà máa padà wá. Òórùn ìpara ọsàn mi lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́."

"Ọlọ́run ò ní gbọ́ ẹ! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Ìyá wọn ju aṣọ ìnura kan lù ú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín.

Ikọ́ ni àìsàn Ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé rò pé òtútù lásán ni. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù, kò lè parí gbólóhùn kan kó má dúró mí. Dókítà ní omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé àwọn á sa ipá àwọn. Ara rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ dá, débi pé òun fúnra rẹ̀ ló lé ìyá rẹ̀ padà síbi iṣẹ́, kí ọ̀gá má bàa fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ìyá náà lọ. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ní ilé ìfọṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nígbà tí wọ́n wá pè é. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ rẹ̀ lójú.

Ilé wá pa lọ́lọ́. Bàbá wọn, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìlú, máa ń ké "Ìyá Ọ̀mọ̀wé!" láti ẹnu ọ̀nà bó bá ti ń dé. Báyìí, kò mọ ohun tí yóò máa pe aya rẹ̀ mọ́. Á kàn wúkọ́, á sì wọlé.

Ayékòótọ́ ní tirẹ̀ ń retí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti dé láti ilé-ìwé, á lọ jókòó ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á tẹjú mọ́ kọ́tìnì. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìkan ni mo wà níbí. Ẹ máa bọ̀." Nígbà míì kọ́tìnì á mì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé atẹ́gùn ni. Kò sí òórùn, kò sí ohùn. Ohun tó dùn ún jù ni pé ẹ̀rù kò tiẹ̀ bà á. Yàrá náà kàn ṣófo ni.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó bá ìyá rẹ̀ nínú kíṣìnì. Búrẹ́dì àti tíì tí bàbá gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀, tíì ti tutù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Á ti pè mí," ni ìyá rẹ̀ wí, bí ẹni tí kò gbọ́. "Á ti wo ẹnu ọ̀nà títí, kò rí mi. Aṣọ aláṣọ ni mo ń lọ. Ṣé o rò pé ó bínú sí mi?"

Ayékòótọ́ wo ìka ìyá rẹ̀ lára ife. Wọ́n ti gbẹ, òrùka ti ń yọ̀ lórí wọn. Ó wá ọ̀rọ̀ tó lè sọ, ti inú ìwé nìkan ló rí.

"Kò bínú, Màmá. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè.

"Mo rí i lánàá. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ló wà, ó wọ aṣọ funfun. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ò bínú."

Ìgbátí ló ń retí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dì í lápá mú. "Ṣé ó ṣì ń wúkọ́?"

"Rárá, Màmá. Kò wúkọ́ mọ́."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó fa búrẹ́dì mọ́ra, ó sì ń jẹ ẹ́, omijé ń kán sí i. Ayékòótọ́ dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́ tán. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò tíì bọ́ bàtà tí ìyá rẹ̀ fi bi í pé, "Ṣé ó wá? Kí ló sọ?" Ó wá nǹkan sọ. Ó ní Ọ̀mọ̀wé ní kí Màmá máa sùn dáadáa. Ó ní kí Màmá bá òun kí bàbá. Gbogbo ohun tí òkú ń ṣe nínú ìwé ló kó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí: ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ́ ọwọ́ tó tutù, ó parẹ́ bí èéfín. Ìyá rẹ̀ á máa mi orí, ojú rẹ̀ á máa tàn bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ọmọ tó lọ sí ìdálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé náà fúnra rẹ̀. Òun tó ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀! Ó fẹ́ mọ bí òkú ṣe ń ṣe, ohun tó ń lé wọn sá, ohun tó ń fà wọ́n wálé. Kò gbà kí wọ́n pa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà dà. Kò gbà kí wọ́n ti fèrèsé, òjò ì báà máa rọ̀ wọlé. Bàbá, tó ń wa ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, rò pé ọ̀fọ̀ lásán ni. Kò pẹ́ tí ìyá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tọ́mọ kò bá òun nítòsí, òun ò ní dán an wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Kí ló dé tí kì í fara hàn mí?" ló ń bi Ayékòótọ́ ṣáá. "Ìwọ nìkan ló ń rí i. Kí ni mo ṣe fún un?"

Ìbéèrè yìí ló mú kí ọmọbìnrin náà ṣe èyí tó burú ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ìpara ọsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì kù díẹ̀ nínú ike. Ó fi ìka bọ̀ ọ́, ó pa á sí ìrọ̀rí Ọ̀mọ̀wé, ó sì jáde lọ fọ ọwọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọ yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, igbe tó ké kò jọ igbe ẹ̀rù. "Ó wá! Ọmọ mi wá!" Ó gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ayékòótọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà gbọ́ òórùn náà, ó sì ṣe é bíi pé kóun náà gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òun tó fi í síbẹ̀ kò lè gbà á gbọ́.

Ìdánwò àṣekágbá dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìṣirò, orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Màmá, ara mi ò yá."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Màmá, mo ní ara mi ò yá."

"Mo gbọ́. Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Kò tilẹ̀ na ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ayékòótọ́ dá nìkan lọ síbi ìdánwò. Àwọn nọ́ńbà ń yí lójú rẹ̀, ó fi ìwé sílẹ̀ láìdáhùn àbọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó wá yé e pé ọmọ méjì ni ìyá òun ti pàdánù báyìí, àti pé òun lòun fi ọwọ́ ara òun lé ìkejì jáde. Lójú ìyá rẹ̀, kò ju ẹnu tí òkú fi ń sọ̀rọ̀ lọ.

Bó ṣe wọlé, ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ ìjáde. Ó ti wẹ̀, ó ti di irun. Ìwé tó gbẹ̀yìn tí Ọ̀mọ̀wé yá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kà á tán.

"Jókòó," ló wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀ púpọ̀. "Opó inú ìwé yìí kò dúró de ọkọ rẹ̀ títí. Ó wọ inú adágún omi lọ bá a. Èmi náà ti rò ó. Bá mi bi ẹ̀gbọ́n ẹ: ṣé ó fẹ́ kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun?"

Ayékòótọ́ mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ pé, "Rárá, ó ní kẹ́ ẹ dúró." Ṣùgbọ́n lọ́la ńkọ́? Ìyá rẹ̀ á tún bi í. Ẹ̀mí rẹ̀ á wá máa rọ̀ mọ́ ohun tóun bá rò lójú ọ̀nà ilé-ìwé.

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, irọ́ ni mo pa."

"Kí lo wí?"

"N ò rí i rí. Kò wá rí. Èmi ni mo pa ìpara sí ìrọ̀rí. Mo retí rẹ̀ títí, kò wá, Màmá. Ẹ ò jẹun, mo kàn fẹ́ kí ẹ jẹun ni."

Ìyá rẹ̀ kò lù ú, kò sì pariwo. Ó wo ìrọ̀rí náà pẹ́.

"Nítorí náà, òun kọ́ ló ní òun ò bínú."

Ìyá náà ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún un lẹ́ẹ̀kejì ni, ọmọ rẹ̀ kejì ló sì pa á.

Ayékòótọ́ sáré lọ pe bàbá rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá náà fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ó gba ilé lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fi ìyá náà sílẹ̀ lóun nìkan. Àbúrò ìyá náà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá bá wọn gbé, ó sì ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń bá àwọn tí ìbànújẹ́ ti bò mọ́lẹ̀ sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yá. Ó padà síbi iṣẹ́. Ó gbà kí wọ́n fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú Ayékòótọ́. Bó bá sọ pé òjò ń rọ̀, ìyá rẹ̀ á lọ sójú fèrèsé lọ wò ó fúnra rẹ̀. Èsì ìdánwò náà jáde, ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ó sì tún kíláàsì kà. Kò ráhùn.

Ó tó ọdún kan kí ìyá rẹ̀ tó pè é. Aṣọ ni wọ́n jọ ń ká lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ìwọ lo bá a jókòó ní ọsibítù ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣíwájú ikú rẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí láìgbójú sókè. "Nígbà tó ṣì wà láàyè. Kí ló sọ gan-an? Má fi nǹkan kan kún un."

Ọ̀rọ̀ dídùn kún ẹnu Ayékòótọ́. Ó gbé wọn mì.

"Kò sọ púpọ̀, Màmá. Ó ní oúnjẹ wọn ò níyọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun tutù, kí n sọ fún yín kí ẹ bá òun mú ìbọ̀sẹ̀ wá. Mo gbàgbé láti sọ."

Ìyá rẹ̀ dáwọ́ dúró. "Ìbọ̀sẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìyẹn náà ni. N ò mọ̀ bóyá ó bínú tàbí kò bínú. Èmi náà, àárò rẹ̀ ń sọ mí."

Ìtùnú tí a bá fi irọ́ ṣe fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í mú ọ̀fọ̀ náà kúrò. Ńṣe ló ń dí ọ̀nà mọ́ ọn, títí ẹni náà kò fi ní mọ ọ̀nà àbájáde mọ́. Ọmọbìnrin náà kò pa irọ́ rẹ̀ nítorí ìkà. Ìfẹ́ ló fi pa á, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í pa ìyá rẹ̀. Ohun tí ì bá ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju pé kó jókòó ti ìyá rẹ̀, kí wọ́n jọ sunkún.

Ìyá náà fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ bo ojú. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù," ló wí. "Ó ní kí n mú ìbọ̀sẹ̀ wá." Ó ń tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Ó na ọwọ́ kejì láìṣíjú, ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí aṣọ tí wọ́n ń ká, ó sì dì í mú.