Tìróò Ìyá Àgbà

"Má kọjú sí mi! Ìbídùn, mo ní má kọjú sí mi!"

Abdullateef ló ń pariwo. Awò dúdú bàbá rẹ̀ ló fi sójú, ó tóbi fún un débi pé ọwọ́ ló fi ń dì í mú. Ìbídùn gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, tútù ni, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun láyé ìgbà tèmi. Bí mo ti jìnnà tó lónìí, mo ṣì mọ bí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àpólò ló wọlé. Ojú gbogbo ilé pọ́n, ìpin sì ń lẹ ìpéǹpéjú wọn pọ̀ láàárọ̀. Ti Ìbídùn nìkan ló funfun. Ọmọ Ìbòkun ni, ọmọ ọ̀rẹ́ Ìyá Munawwarah tó bí Abdullateef, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn nítorí ilé ìwé. Kò pẹ́ tó ti ilé dé ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀.

"Òun ló gbé e wá," ni Ìyá Munawwarah wí. "Ó wò wá títí ó fi kó o ràn wá, ara tirẹ̀ wá le koko. Ẹ ò rí i pé nǹkan wà níbẹ̀?"

"Ọmọ Òṣómàáló," ni Abdullateef fi kún un, "aṣọ lẹ máa ń tà. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Àpólò?"

Munawwarah, ẹ̀gbọ́n Abdullateef, kò rẹ́rìn-ín. Òun ló yọ́ mú tìróò ìyá àgbà wọn lọ sílé ìwé kí àìsàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Julianah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tọrọ rẹ̀. Ojú Julianah pọ́n, ó ń ṣomi.

"Eruku ni jàre," ni Julianah wí.

Munawwarah kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ahun. Ó fún un, òun náà lé e lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dá a padà sídìí dígí. Gbogbo ilé ló ń lò ó, àti bàbá wọn tó máa ń lé e kó tó lọ kírun Jímọ́ọ̀. Ìbídùn nìkan ni kì í lé tìróò. Wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ pé ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹja.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ìdánwò àṣekágbá Ìbídùn àti Munawwarah bẹ̀rẹ̀, Ìyá Munawwarah gbé báàgì Ìbídùn sẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò mi ńkọ́? Mi ò ní wo ẹnikẹ́ni."

"Máa lọ bá ìyá rẹ ní Ìbòkun."

Munawwarah la ẹnu, ó tún pa á dé.

Àsìkò náà ni Ìyá Àgbà ti Iléṣà dé, níbi tó ti lọ kí àbúrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́ tipẹ́; òsì nìkan ló fi ń ríran.

"Ẹ sinmi ariwo," ló wí. "Ẹ jẹ́ n tún ojú ṣe, eruku ọ̀nà ti bò mí, kí n wá gbọ́ ẹjọ́ yín."

Ó fa ọ̀pá tìróò yọ, ó nà án sí ojú òsì.

"Ìyá Àgbà, ẹ má lò ó!"

Munawwarah gbá a dànù. Tìróò dà sílẹ̀, ó dúdú lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹkún ló fi jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àgbà dì í lọ́wọ́ mú. "O ṣeun tí o gba ojú mi là. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń mú ọmọ ọlọ́mọ kọjú sí ògiri, níbo lẹnu rẹ wà?"

Nọ́ọ̀sì tó fún wọn ní oògùn ojú ní ènìyàn kì í fi wíwò kó Àpólò. Kòkòrò àìfojúrí inú omi ojú àti ìpin ló ń gba ara ọwọ́, táwẹ́ẹ̀lì àti ọ̀pá tìróò dé ojú ẹlòmíràn.

Wọ́n dá báàgì Ìbídùn padà sínú ilé; lọ́jọ́ kejì, ó ṣe ìdánwò rẹ̀ parí. Munawwarah jókòó lọ́tọ̀, ìwé ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀, kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí wọ́n fi gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò ló wọ ilé náà, àmọ́ ìfura àti ìdákẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ọmọ aláìṣẹ̀ jẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Munawwarah bẹ Ìbídùn, síbẹ̀ ọmọ náà tún gbé abọ́ rẹ̀ lọ sídìí ògiri. Munawwarah gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ìbídùn, má bínú."

Ìbídùn yí padà, ó wò ó lójú dáadáa, ojú pípọ́n náà.

"Lọ fọ ọwọ́ rẹ ná," ló wí, ó sì sún fún un.