Abẹ́rẹ́ Tó Máa Ń Sùn Lọ́jọ́bọ̀

Ẹrù tí kátápílà kékeré kan gbé wọ inú ọgbà ilé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí Àǹtí Géèjì àti awakọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ rí ara wọn kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe yanrìn. Ológbò ni. Ológbò funfun kan ló ká jọ sínú abọ́ irin ńlá iwájú ẹ̀rọ náà, ó ń sùn fọnfọn, awakọ̀ sì ń rọra wa ẹ̀rọ bọ̀ bí ẹni tó gbé omi kún dẹ́nu.

Àǹtí Géèjì gbójú sókè nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tún àwọn géèjì ṣe, àwọn nǹkan róbótó bí ojú aago tó máa ń wà níwájú awakọ̀, tí abẹ́rẹ́ inú wọn ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bí epo ṣe kù tó, àti bóyá ọ́ìlì ń lọ síbi tó yẹ kó lọ. Ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀rọ kékeré, kò sí èyí tí kò lè tú géèjì rẹ̀ palẹ̀ kó sì tò ó padà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan bàbá rẹ̀ tó ni ilé iṣẹ́ náà.

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì gbé ológbò náà jáde bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹni yìí ló sùn sínú ẹ̀ láti àárọ̀, mi ò sì fẹ́ jí i."

"Ológbò yín ni?"

"Rárá o. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lónìí ni."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Àǹtí Géèjì kó tó ráyè há a mọ́. Ó wo ọkùnrin náà dáadáa. Ó ga, ó dúdú, eruku òkúta ti sọ irun ojú rẹ̀ di ti bàbá arúgbó, ṣùgbọ́n ẹyinjú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dán bí ti ọmọdé. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lòun ti ń ṣiṣẹ́, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń pe òun níbẹ̀.

"Mo ti rí ìdí tí wọ́n fi ń pè yín bẹ́ẹ̀," Àǹtí Géèjì ní. "Kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?"

"Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná ló sùn. Ẹ gbá a, ẹ pè é, kò dìde."

Kò pẹ́ rárá tó fi rí i. Wáyà tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn láti ara ẹ́ńjìnnì wá fún géèjì ló ti já. Ó pààrọ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ dìde. Jẹ́jẹ́ dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó wá kù kó lọ, kò lọ. Bàbá Àǹtí Géèjì, tó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀hún, ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé nǹkan mìíràn tún bàjẹ́ ni?" Ìgbà yẹn ló tó gun ẹ̀rọ rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Abẹ́rẹ́ ti tún sùn. Ọjọ́bọ̀ kejì ẹ̀wẹ̀, bákan náà.

Àǹtí Géèjì yẹ̀ ẹ́ wò. Wáyà tuntun tó fi sí i kò já, kò jóná, kò dógùn-ún. Ó kàn yọ ni. Bẹ́ẹ̀, orí wáyà yẹn ní ahọ́n kékeré kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ̀ kó tó lè yọ. Ẹ̀rọ ò sì ní ìka. Ó yọjú láti abẹ́ ẹ̀rọ, ó rí Jẹ́jẹ́ tó ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ. Ó ti yé e.

Ṣé ó yẹ kó sọ ọ́? Ó yẹ. Ṣé ó sọ ọ́? Ẹ gbàgbé. Ńṣe ló tẹ wáyà padà sáyè rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ nǹkan tí kò nílò àyẹ̀wò wò, títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

"Ẹ̀rọ rẹ yìí máa ń ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀ nígbà yẹn, "ìwọ" ló kù láàárín wọn.

"Ẹ̀rọ tó gbọ́n ni. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀."

"Àìsàn ẹ̀ ò sì le."

"Má wò ó bẹ́ẹ̀ o. Bí kò bá rí dókítà ẹ̀, kì í lè jẹun."

"Ẹ̀rọ ni kì í lè jẹun ni, àbí awakọ̀?"

Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ eruku nu ojú, ó sì kun ara rẹ̀ sí i. "Ẹ má fìyà jẹ mí, dókítà." Àǹtí Géèjì rẹ́rìn-ín títí súpánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò rí ibi gbé e sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ju eré lọ. Ojú bàbá rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ti sọ pé òun fẹ́ fa ilé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Màdáàmù tó ni ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà ní ẹ̀rọ rẹpẹtẹ. Bí ìtọ́jú èyí tí Jẹ́jẹ́ ń wà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kó gbogbo ìyókù wá. Láìsí ìyẹn, ilé iṣẹ́ náà kò ní lè dúró. Àǹtí Géèjì mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fi géèjì Màdáàmù ṣeré ìfẹ́.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù dún.

"Àǹtí Géèjì, abẹ́rẹ́ ti wọ ojú pupa o! Ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù!" Jẹ́jẹ́ ló ń pè.

"Pupa kẹ̀? Ó sùn títí, òní ló wá jí?" Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọkùnrin yìí, mo ti mọ̀ ẹ́. Máa wà á bọ̀, jàre. Mo ń dúró dè ẹ́."

Jẹ́jẹ́ rò pé dókítà ti sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó mọ géèjì tó báyìí bá ní kí òun máa wà á bọ̀, ta lòun tí òun yóò jiyàn? Ó wà á. Kò tíì gun òkè tó wà lójú ọ̀nà tán tí ooru funfun fi bo gbogbo iwájú ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì ké, ó gbọ̀n, ó nọ́ọ̀kì, ó sì kú. Omi inú rẹ̀ ti gbẹ pátápátá, abẹ́rẹ́ sì ti sọ òótọ́, kò rẹ́ni gbà á gbọ́.

Nígbà tí ìròyìn dé ilé iṣẹ́, Àǹtí Géèjì ò lè jókòó. Ẹ̀bi òun ni, kò sí ibòmíràn tó lè gbé e sí. Wọ́n yóò lé Jẹ́jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu òun. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì Màdáàmù, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn, wọ́n ti ń gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́ nínú ilé.

"Èmi ni mo fà á, mà. Èmi ni mo máa ń yọ wáyà géèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àṣà tí mo fi kọ́ Àǹtí Géèjì ni kò jẹ́ kó gbà mí gbọ́."

Àǹtí Géèjì já wọlé. "Ẹ má dá a lóhùn, Màdáàmù! Èmi ni mo ní kó máa wà á bọ̀!"

"Ó ní kí n máa wà á bọ̀ torí pé mo ti ń purọ́ ni!"

"Mo mọ̀ pé ó ń purọ́, mi ò sì sọ nǹkan kan!"

"O mọ̀?" Jẹ́jẹ́ la ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ dákẹ́ ná." Obìnrin kúkúrú tó ní ohùn ńlá ni Màdáàmù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Kí lo ń yọ wáyà mi fún?"

"Kí n lè rí i ni, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tó ò sọ?"

Àǹtí Géèjì wo ilẹ̀. "Kó má baà dẹ́kun wíwá ni, mà."

Màdáàmù wo bàbá. "Ẹ gbọ́ tiyín bí?" Ẹ̀rín ń gbé e lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó ní ọwọ́ àwọn méjèèjì náà ni yóò tún ẹ́ńjìnnì òun ṣe. Bí òun bá rí iṣẹ́ náà tán ni òun yóò tó mọ ibi tí òun máa kó àwọn ẹ̀rọ ìyókù lọ.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó dúró níwájú Jẹ́jẹ́. "Géèjì tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, o kọ́ ọ ní irọ́ pípa. Kí ni o ò ní kọ́ ọmọ mi?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ sì ni mo fẹ́ fa ilé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Títí iṣẹ́ yìí yóò fi parí, ojú mi kò ní kúrò lára ẹ̀yin méjèèjì."

Ojú rẹ̀ kò sì kúrò lóòótọ́. Bí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì náà, àga bàbá ń bẹ láàárín wọn. Bí Jẹ́jẹ́ bá sún sápá ọ̀tún, àga sún. Bí Àǹtí Géèjì bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí àga. "Súpánà." "Gbà." "O ṣé." Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n ráyè sọ nìyẹn. Síbẹ̀, bí ìka bá kan ìka lórí súpánà, ara Àǹtí Géèjì á gbóná ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Kò ní tan ara rẹ̀ jẹ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan pe bàbá síta. Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ wéréwéré kó tó padà.

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ mọ́. Bí mo bá fẹ́ rí ẹ, màá wá, màá sì sọ pé mo fẹ́ rí ẹ."

"Sọ ọ́ ná, kí n gbọ́."

"Mo fẹ́ rí ẹ, adúmáradán."

"Èmi nìyí. Ṣé o ti rí mi báyìí?"

"Mi ò tíì rí ẹ tó."

Bàbá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì, orí sì gbá orí gbọ̀ngán.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Màdáàmù fúnra rẹ̀ wá gba ẹ̀rọ, ó ń kánjú nítorí àwọn tó ń dúró de òkúta lọ́nà. Bàbá ní kò séwu, òun fúnra òun lòun so hóòsì omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ní àárọ̀. Jẹ́jẹ́ gùn ún, ẹ́ńjìnnì dún gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Ó yí ọgbà ká, ó tún un yí, ó kọrí sí ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó kọjá àárín, ó wọ ojú pupa.

Jẹ́jẹ́ pa á.

"Kí ló tún dé?" Màdáàmù pariwo.

"Ó gbóná, mà."

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe? Mi ò rí ooru, mi ò gbọ́ ariwo. Wà á jáde."

"Mi ò lè wà á, mà."

"Bí o ò bá lè wà á, mú kọ́kọ́rọ́ wá, èmi á wá ẹni tó lè wà á."

Jẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́, iṣẹ́ òun ni. Ó nà án sí Màdáàmù.

"Géèjì ló ń purọ́," bàbá ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni hóòsì yẹn, kò lè jò. Àǹtí Géèjì, wá sọ fún wọn."

Gbogbo ojú wá sára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rèé, ilé iṣẹ́ rèé, gbogbo ẹ̀rọ Màdáàmù rèé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin tó ti purọ́ fún un rí ló wà lápá kejì. Ó rìn lọ síbi ẹ̀rọ náà, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ kí ọwọ́ Màdáàmù tó kàn án, ó sì sọ ọ́ sínú àpò ara rẹ̀. Kò wo géèjì. Ojú Jẹ́jẹ́ ló wò.

"Ó ní ó gbóná, mà. Ó gbóná nìyẹn."

"O mọ̀ pé mo lè kó àwọn ẹ̀rọ mi lọ síbòmíràn?"

"Ẹ máa kó wọn lọ, mà. Èyí ò ní jáde."

Inú ti ń bí bàbá, ó gbá ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ṣí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú rẹ̀. Omi ń kán lẹ́nu hóòsì, tó, tó, tó. Kílípù tó yẹ kó di hóòsì náà mú ti wà níbẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi yí i. Ẹni tó so ó gbàgbé láti dì í.

"Bàbá," Màdáàmù ní, "iṣẹ́ ọwọ́ ta lẹ pè é?"

Bàbá nàró. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Jẹ́jẹ́, ó fọwọ́ ra orí. "Mo ní kí ojú mi má kúrò lára wọn. Bí mo ṣe ń so hóòsì yìí ni mo ń wo àwọn méjèèjì. Kí ojú tó padà sídìí iṣẹ́, mo rò pé mo ti parí ẹ̀."

Màdáàmù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Ó ní ẹni tó lè sọ fún òun lójú òun pé ẹ̀rọ òun ò ní jáde, òun lòun fẹ́ kó máa tọ́jú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ Ajé, òun á kó wọn dé.

Bàbá ò tíì rẹ́rìn-ín. Ó mú súpánà, ó kọjú sí Jẹ́jẹ́.

"Kí lo ń fẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ mi gan-an?"

"Mo fẹ́ fi ṣaya, sà."

"Ṣé o ti bi í?"

Àní, kò tíì bi í! Jẹ́jẹ́ yíjú sí Àǹtí Géèjì, eruku lójú, ọ́ìlì lọ́wọ́. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti gbà tipẹ́," Àǹtí Géèjì ní, omijé ayọ̀ ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìwọ ni o ò bi mí."

Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga rẹ̀, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, ó sì jókòó, ó kẹ́yìn sí wọn pátápátá.

"Ẹ bọ́ síta kẹ́ ẹ lọ sọ̀rọ̀ yín," ó ní, bó ṣe ń di kílípù náà le. "Mi ò ṣọ́ yín mọ́."