Ọ̀nà Àjàṣẹ́ Kì Í Ṣe Títà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gba Àpòmù lọ sí Ìkirè, mo bá ẹ̀gbọ́n mi Mùnírátù nídìí agbada. Òórùn dòdò ti gba gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi le koko.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló tún bí yín nínú láàárọ̀ yìí?"

"Sàídátù, mo fẹ́ ta agbada yìí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni mo pè é. Agbada tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún un, tó fi tọ́ Soliat yanjú! Àfi bí mo ṣe rí i tí omi lé ròrò sí i lójú.

Soliat ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Àjàṣẹ́ ló lọ́kọ sí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Oyún àkọ́bí rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ó sì ti bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá wẹ ọmọ fún òun. Sùlè, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gáréèjì Àpòmù, ló wá sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń wọ Bẹ̀nẹ̀ láìní físà. Owó tó ní kó mú wá fún físà ọ̀hún, àfi kó ta agbada.

"Ṣé inú fóònù ni kí n ti máa wo ọmọ ọmọ mi ni?" ó bi mí.

Inú bí mi. Mo fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Alájà Maimunah tó ń ta aṣọ l'Ápòmù. Obìnrin yìí mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́ bí ẹní mowó.

Alájà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó pòṣé. "Físà kẹ̀? Ìyá Soliat, inú ECOWAS ni Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ wà. A kì í gba físà lọ síbẹ̀. Ẹ lè lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dọ̀ ọmọ yín, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè físà lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu sílẹ̀. "Àní lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Físà ni kò sí o, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ lọ́wọ́ òfo! Ẹ lọ gba páspọ́ọ̀tù ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n l'Óṣogbo. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ má rán Sùlè. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, kí wọ́n fún yín ní yẹ́lò káàdì. Tẹ́ ẹ bá dé bọ́dà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ má dá a lóhùn. Iwájú àwọn òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé yín."

"Owó ńkọ́?"

"Sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n má baà rẹ́ yín jẹ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó níwèé àṣẹ ni kẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò. Ẹ má sì kó gbogbo owó sójú kan." Ó yíjú sí mi. "Sàídátù, ìwọ lo máa bá wọn lọ. Fi owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sínú tòbí tìrẹ."

Lọ́jọ́ tí páspọ́ọ̀tù àwa méjèèjì jáde, ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ àwòrán ara rẹ̀. "Èmi rèé? Èmi Mùnírátù tí ò kọjá Ìbàdàn rí?" Ó fi etí ìborùn nù ún, ó tún un nù.

Nígbà tó yá, ìròyìn ayọ̀ dé: Soliat bí ọkùnrin! A gbéra kíá kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ má baà kọjá lórí wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé apẹ̀rẹ̀ dòdò lọ́wọ́ fún àwọn àna.

Nígbà tá a dé Ìdí-Ìrókò, ìlú tí bọ́dà wà, a wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó níwèé àṣẹ láti ṣẹ́ owó. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ dòdò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Owó ni. Olè wo ló máa wá owó wá sábẹ́ dòdò?"

Yéè! Owó jáde, ó pọ́n fòò. Epo pupa ti rin ín, ata ti lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ọkùnrin náà gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ din ín ni?"

Kò gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ó parí. Wọ́n á sọ ọmọ mi lórúkọ lẹ́yìn mi."

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un lára, kí n má purọ́. Ìgbà náà ni mo rántí Alájà. Mo tú tòbí mi, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ó gbẹ. A ṣẹ́ ìdajì rẹ̀, a tọ́jú ìyókù de ìpadàbọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu yà mí lọ́jọ́ náà! Bọ́dà tí mo ti ń bẹ̀rù láti ilé, okùn ni wọ́n ta dí títì. Òṣìṣẹ́ tó wà lódì kejì ń sọ Faransé wuuru pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ sí páspọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n mi, gbà! Ló bá wo ojú rẹ̀, ó fi Yorùbá kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ẹ kú ìrìn."

"Subuhánàlláhì!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

A dé Àjàṣẹ́ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, àwọn ọmọdé kúnlẹ̀ kí wa. Àsíá yàtọ̀, owó yàtọ̀, ìrun tá à ń kí nílé náà ni wọ́n ń kí. Ta ló sọ fún wa pé òkè òkun ni ibí yìí?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Omijé rẹ̀ ń kán sínú omi ìwẹ̀.

"Sàídátù, Sùlè fẹ́ kí n fi agbada ìyá wa ra ọ̀nà tó ti ṣí sílẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń lọ sí orílẹ̀-èdè ECOWAS, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kó tó náwó. Kó gba páspọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó gba ẹnu bọ́dà tó tọ́, kó gba òǹtẹ̀, kó má sì lò kọjá ọjọ́ tí òfin fún un. Kó pín owó rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ ará Ìkirè ni, mo bẹ̀ ẹ́, kí dòdò wà láyè tirẹ̀, kí owó wà láyè tirẹ̀. Báǹkì ló padà bá wa pààrọ̀ owó elépo yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń din dòdò nínú agbada ìyá wa. Tẹ́ ẹ bá gba Ìkirè kọjá, ẹ yà kí i, kẹ́ ẹ bi í pé èló ni físà Àjàṣẹ́. Ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn, á sì fi àwòrán ọmọ ọmọ rẹ̀ hàn yín.